Ojú Ọnà Ọmọdé

Àwọn àgbà a máa sọ pé ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ ni gbẹ́nugbẹ́nu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń rí fà yọ nínú òwe yìí ni pé kò sí iṣẹ́ ọnà tí ó bọ́ lọ́wọ́ àríwísí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀: ọwọ́ àti ẹnu ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ tí ọwọ́ bá ṣe, tí ẹnu kò lè sọ ìdí abájọ rẹ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ni. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni n ó dúró lé láti yẹ bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà wò, pàápàá jù lọ nínú yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún un, èyí tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní sítúdíò.

Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń rí ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Àwọn òbí tí wọ́n bá rí owó san a máa fi ọmọ wọn ránṣẹ́ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tàbí nígbà ọlidé gígùn. Ohun rere ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo wá fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lára ògiri. Ilé kan ni, tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣónṣó; oòrùn wà ní igun òkè lápá ọ̀tún; igi àgbọn méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé; odò kan ṣàn kọjá níwájú. Mo ti ka ogún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lára ògiri kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé orúkọ ọmọ tí ó wà nísàlẹ̀ nìkan ni a fi lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìbàdàn ni yàrá náà wà. Bí ọmọ bá yọjú láti ojú fèrèsé, yóò rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, tí wọ́n dí mọ́ ara wọn títí lọ dé ẹ̀yìn òkè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn lára ògiri. Igi àgbọn ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé igi àgbọn ni olùkọ́ yà sórí pátákó.

Apá méjì ni àwọn olùkọ́ pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá kìíní gbà pé àwòkọ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́: kí olùkọ́ ya nǹkan, kí ọmọ máa wò ó yà títí yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Apá kejì gbà pé láti inú wá ni ọmọdé ti ní ọnà tirẹ̀. Kí a kó ọ̀dà àti bébà fún un, kí a sì yàgò fún un. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ìtàn, ìtàn náà kò sì rí bí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ti ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú apá kejì ṣáájú. Ní ìlú Vienna, lọ́dún 1897, ni Franz Cižek ti dá kíláàsì iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọmọdé ní ọnà tí ó yàtọ̀ sí ti àgbà, àti pé ojúṣe olùkọ́ ni kí ó má ṣe bà á jẹ́. Èrò yìí tàn ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì ṣe rere, nítorí pé ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ pàṣán àti ìlà tí a fi rúlà fà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì náà pọ̀ yóò rí i pé wọ́n fara jọ ara wọn jù bí ó ti yẹ lọ. Ọwọ́ olùkọ́ wà nínú wọn, bí kò tilẹ̀ di pẹ́ńsù mú. Ohun tí ó bá yìn ni àwọn ọmọ ń tún yà. Ìyìn olùkọ́ náà, àwòkọ ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, Òṣogbo ni àwọn tí ó fara mọ́ èrò yìí máa ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1962 ni a dá Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀ ní ilé Dúró Ládipọ̀, tí Ulli Beier sì wà nídìí rẹ̀. Láàárín ọdún 1962 sí 1964 ni a ṣe àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú tí Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Rufus Ògúndélé àti àwọn mìíràn ti jáde. Wọ́n kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ọ̀dọ́ tí ó ti ń bá ẹgbẹ́ òṣèré ṣiṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí ayé ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Georgina Beier, tí ó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 1964, a máa ṣọ́ olúkúlùkù wò láti mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ fì sí, kí ó tó fún un ní irinṣẹ́ tí ó bá ọwọ́ náà mu. Bí a bá wo iṣẹ́ wọn lónìí, ìlẹ̀kẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ Bùráímọ̀, ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí ó kún ojú bébà ni a mọ̀ mọ́ Twins Seven-Seven. A kò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹ̀kọ́ ni ṣíṣọ́ni wò bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro ju kí a ya igi àgbọn sórí pátákó lọ. Olùkọ́ tí ó bá da ọ̀dà sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọmọ, tí ó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, tí ó sì ní ọ̀nà Òṣogbo ni òun ń tọ̀, irọ́ ló ń pa mọ́ Òṣogbo.

Apá kìíní ńkọ́? Aina Onabolu ni a máa ń kà sí baba fún wọn. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn kan gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ẹni náà. Onabolu fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ yìí. Ohun tí ó fi kọ́ni ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú wọn nǹkan: kí ó mọ̀ pé ohun tí ó súnmọ́ni a máa tóbi lójú, ohun tí ó jìnnà a sì máa kéré. Ẹ kíyè sí i pé wíwo ohun gan-an yà ni èyí. Wíwo àwòrán yà, èyí tí àwọn sítúdíò ń ṣe, nǹkan mìíràn ni. Ẹni tí ó wo ìkòkò yà ti bá ìkòkò jà. Ẹni tí ó wo àwòrán ìkòkò yà, ẹlòmíràn ni ó ti bá a ja ìjà náà tán.

Kenneth Murray, òyìnbó tí ó dé ní ọdún 1927 láti kún Onabolu lọ́wọ́, kò fara mọ́ ọ̀nà rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbójú lé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wọn. Èso ìlànà rẹ̀ hàn ní ọdún 1937, nígbà tí a pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí Ben Enwonwu wà nínú wọn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo bu ọlá fún Murray. Ṣùgbọ́n ohun kan kù díẹ̀ káàtó nínú èrò rẹ̀. Bí òyìnbó bá ń yan fún ọmọ aláwọ̀ dúdú èyí tí ó jẹ́ ogún rẹ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ àṣẹ. Onabolu rí èyí kedere: ó gbà pé kò sí ìmọ̀ tí ó jẹ́ ti òyìnbó nìkan.

Ó yẹ nígbà náà kí a bi ara wa léèrè bí àwọn ọ̀lọ́nà wa fúnra wọn ti ń kọ́ ọmọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé. Nínú agbo ilé àwọn agbẹ́gilére, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ máa ń gbà. Ọnà lílé ni ó ṣáájú, níbi tí a ti ń fi àáké yọ ìrísí ère jáde lára ìtì igi. Àlétúnlé tẹ̀lé e, níbi tí orí, ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ ti ń yà kúrò lára ara wọn. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara igi lè jọ̀lọ̀; fínfín ni ó kẹ́yìn, èyí tí í ṣe irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ọ̀gá ni í sábà ń lé ọnà, nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ kò ní àtúnṣe. Ọmọ iṣẹ́ a máa bá a dán, a sì máa bá a fín níbi tí kò le, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi là.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ètò yìí ni pé àwòkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni ọmọ ń ṣe. Ère tí ó dán yóò lọ sí ojúbọ tàbí sí ààfin. Bí kò bá dán an dáadáa, ojú yóò ti agbo ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìdí adìrẹ. Ọmọbìnrin kékeré a máa bá ìyá rẹ̀ fi ìko so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ kí a tó rì í bọ inú aró, aṣọ náà yóò sì dé ọjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè: ìka kéékèèké wúlò níbẹ̀. Àwòrán ilé olórùlé ṣónṣó kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn pé kí ìyá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amómitutù.

N kò wá sọ pé kí a padà sí agbo ilé. Ìdílé ni ó ń sọ ẹni tí yóò gbẹ́ igi, a sì máa ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ọdún gọbọi ni ọmọ ń lò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì rí ìwé kà. A ti gbìyànjú láti so ayé méjèèjì pọ̀ rí. Láàárín ọdún 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ṣí ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti pe àwọn ọ̀gá bíi Bámidélé, ọmọ Àrẹ̀ògùn ará Ọ̀sì, wá gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tí a bí sí ìdílé ọ̀lọ́nà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé, kí òun náà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀lọ́nà lè yí ẹni tí ó ń gbẹ́ ère fún padà, kí ojú ọnà rẹ̀ má sì yí padà.

Ojú ọnà yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Àwọn onímọ̀ bíi Rowland Abiodun ti ṣàlàyé pé ojú ọnà yàtọ̀ sí ojú tí a fi ń ríran lásán. Òun ni ó ń sọ fún ọ̀lọ́nà pé ibí yìí tó, ibí yìí kò yẹ. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ya ènìyàn, orí a tóbi ju ara lọ. Olùkọ́ tí ó bá fi ìwọ̀n Onabolu wò ó yóò ní kò dára, yóò sì fi ìrésè pa á. Bẹ́ẹ̀, ère Yorùbá a máa gba nǹkan bí ìpín kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ fún orí, nítorí ipò tí orí wà nínú ìgbàgbọ́ wa. Ǹjẹ́ ọmọdé ti di ọ̀lọ́nà nìyẹn? Rárá o. Agbẹ́gilére mọ ìdí tí orí fi tóbi, ó sì wọ̀n ọ́n. Ọmọdé kò tí ì mọ̀ ọ́n. Àfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀kọ́ wà fún. Olùkọ́ tí ó pa orí náà rẹ́ kò kọ́ ọmọ. Èyí tí ó yìn ín láìsọ nǹkan kan kò kọ́ ọ. Èyí tí ó gbé ère kan sílẹ̀, tí ó ní kí ọmọ fi okùn wọn orí ère àti gíga rẹ̀, tí ó sì bi í pé kí ló dé tí agbẹ́gilére fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyẹn ti ń la ojú ọnà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀lọ́nà ń lò fún irú ìwọ̀n yìí ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ẹnì kan jù.

Láti ibí ni a ti dé ọ̀rọ̀ èdè. Bí a bá wọ inú sítúdíò wọ̀nyí, a kì í gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń dárúkọ àwọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń yin ọmọ. Àlàyé tí a máa ń fún ni ni pé Yorùbá kò ní orúkọ àwọ̀ ju mẹ́ta lọ: funfun, pupa, dúdú. Òótọ́ ni pé mẹ́ta náà ni òpó, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe òpó nìkan. A ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti elésè-àlùkò. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń sọ bí àwọ̀ ti mọ: funfun báláú, dúdú minimini, pupa yòò, pupa rúsúrúsú. Ọmọ tí ó bá gbọ́ yòò àti rúsúrúsú ti fi etí mọ ìyàtọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Bí mo bá ní ọmọ mẹ́wàá níwájú mi fún wákàtí méjì, èyí ni iṣẹ́ tí n ó fún wọn. N ó gbé epo sílẹ̀ nínú àwo, n ó fọ́ ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó bu osùn àti iyẹ̀pẹ̀ pupa, n ó sì fi iyùn kan tì í. Pupa ni Yorùbá ń pe gbogbo wọn. Inú ẹyin náà, pupa ẹyin ni. N ó bi àwọn ọmọ bóyá pupa kan náà ni wọ́n. N ó fún wọn ní ọ̀dà mẹ́ta péré, kí wọ́n pò ó títí tí wọn yóò fi rí pupa epo àti pupa osùn. Ní ìparí, olúkúlùkù yóò sọ irú pupa tí tirẹ̀ jẹ́, yóò sì fi ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá a mu sọ ọ́. Bí kò bá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Kò ní sí àwòrán méjì tí yóò jọra lórí tábìlì náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí a fi sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Lọ́jọ́ mìíràn, n ó kó wọn lọ wo Gbọ̀ngàn Màpó kí wọ́n ka òpó rẹ̀, kí n tó fi adìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn hàn wọ́n, níbi tí àwọn aláró ti fi ìyẹ́ adìẹ ya òpó Màpó sára aṣọ. Wọn yóò rí i pé àwọn ìyá wọ̀nyí wo ilé gan-an kí wọ́n tó yà á, wọ́n sì yà á kí ó bá aṣọ mu. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ya òrùlé páànù tiwọn.

Ẹnì kan lè ní àlá lásán ni mo ń lá. Òun yóò ní irinṣẹ́ wọ́n, ọmọ pọ̀, òbí sì fẹ́ rí ohun tí owó òun rà. Irinṣẹ́ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ kò wọ́n. Ti òbí ni ó le jù, nítorí pé àwòrán igi àgbọn mọ́ tónítóní, pupa epo tí ọmọ pò kò rí bẹ́ẹ̀. Àtakò mìíràn tún wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ tì: kì í ṣe gbogbo ọmọ Èkó ni ó gbọ́ Yorùbá, kódà nínú àwọn tí òbí wọn jẹ́ Yorùbá. Ìdáhùn mi ni pé bí ọmọ bá gbọ́ Ígbò, kí a bi í ní orúkọ tí àwọn ìyá rẹ̀ ń pe pupa epo. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a fi ọmọ sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀. Ìdánwò tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìṣirò bá ṣeé fi Yorùbá kọ́, ọnà, tí ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀ láti ayébáyé, kò lè ṣòro.

Ohun tí ó wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju àwòrán ọmọdé lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó kàwé láàárín wa ni yóò sọ pé òun kò mọ ọnà, bí ẹni pé àrùn ìdílé ni. Ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni yóò dúró níwájú ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀, tí kò ní rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀ ju pé ó ti gbó lọ. Bí oníṣòwò bá dé, yóò tà á ní ọ̀pọ̀, yóò sì fi irin rọ́pò rẹ̀. Kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya aláìmoore. A kàn ti mú ẹnu rẹ̀ kúrò nínú ọnà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ òbí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí tì sí, nítorí pé owó rẹ̀ ni sítúdíò ń ná. Bí ọmọ bá mú àwòrán dé láti ibẹ̀, kí o má tètè sọ pé ó dára. Bi í ní ohun tí ó wò kí ó tó yà á. Bí ó bá jẹ́ pé pátákó ni ó wò, lọ bá olùkọ́ rẹ̀.